Ìjọ̀wọ́ àti Ìyọ̀ǹda: Dòsùnmú ní Èkó, Lobengula ní Bulawayo

Ní òpin sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, mo jókòó ti òkìtì ìwé ìdánwò nínú yàrá mi, bírò pupa ní ọwọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa olùkọ́. Ìbéèrè kẹrin ni mo ń yẹ̀ wò. Mo ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ròyìn bí Èkó ṣe bọ́ sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ròyìn rẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ́ mi pé Lugard ni ó kó ogun ja Èkó ní 1851, nígbà tí ìyá Lugard kò tíì bí i. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí ó dá dúró láàárín àwọn ìyókù. Ọmọ tí ó kọ ọ́ mọ ọjọ́, ó mọ oṣù, ó mọ orúkọ ọkọ̀ ogun, ó sì mọ iye tí wọ́n ní àwọn yóò máa san fún ọba. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ní gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó ti kọ 'Treaty of Cession', 'Treaty of Concession' ni ó kọ. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Mo fi pupa fa ìlà sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, mo sì yọ máàkì méjì kúrò.

Nígbà tí èsì jáde, ọmọ náà wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì na ìwé náà sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ nípa ibi tí ẹ fa pupa sí yìí."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ méjì ni o pò pọ̀. Èyí tí o kọ kì í ṣe orúkọ ìwé àdéhùn náà."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé 'cession' ni àwọn òyìnbó pè é, sà. Mo ti kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni mí. Ní ilé wa, àwọn bàbá wa kò sọ fún wa rí pé ọba fi ilẹ̀ Èkó tọrẹ. Wọ́n ní ọba kò ní ilẹ̀ tí yóò fi tọrẹ. Wọ́n ní ó gba àwọn àlejò láàyè ni. Èyí ni ó mú kí n kọ èyí tí mo kọ."

Mo wò ó. N kò mọ èsì tí mo lè fún un lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀, kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ohun tí mo rò láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn wa yìí, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju máàkì méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ méjèèjì wò bí a ṣe ń yẹ obì wò kí a tó pa á. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ èdè Látìnì kan, 'cedere', ni ó bí wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí ènìyàn kúrò níbi kan, tàbí kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ìyá ṣe máa ń rí, ọ̀nà wọn pínyà. 'Cession' ni kí ẹni tí ó ni nǹkan jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá fún ẹlòmíràn, kí ó má sì ní ipá kankan mọ́ lórí rẹ̀; ọ̀rọ̀ tí ìjọba sí ìjọba máa ń lò ni, nígbà tí ìlú tàbí ilẹ̀ bá ti ọwọ́ ọba kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. 'Concession' ni kí ẹni tí ó ni nǹkan yọ̀ǹda fún ẹlòmíràn láti ṣe ohun kan pàtó nínú rẹ̀, bí àpẹẹrẹ kí ó gé igi gẹdú, kí ó wa góòlù, kí ó la ọ̀nà rélùwéè, ṣùgbọ́n kí nǹkan náà ṣì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ín. Nínú ti àkọ́kọ́, onílé kó ẹrù rẹ̀ jáde. Nínú ti èkejì, onílé fún àlejò ní yàrá kan, ó sì ń gbé inú ilé rẹ̀ lọ.

(Ọ̀rọ̀ kẹta kan wà tí ó tún ń dá àwọn ọmọ wa láàmú, 'session', tí ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 'cession' rárá, bẹ́ẹ̀ ìjókòó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti rí 'Treaty of Session' nínú ìwé ìdánwò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. N kò lè sọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ jìnnà sí òtítọ́ púpọ̀. Wọ́n jókòó lóòótọ́, àga ọba ni wọ́n sì jókòó lé.)

Àwa Yorùbá kò nílò Látìnì kí a tó mọ ìyàtọ̀ yìí. Bí àlejò bá wọ ìlú, tí ó ní òun fẹ́ ibi tí òun yóò ti dáko, olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ yóò mú un lọ sí oko, yóò sì fi ààlà hàn án. Àlejò yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Yóò gbin iṣu, yóò gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ọ̀pẹ tí ó bá nínú oko, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbin obì láìgba àṣẹ, nítorí iṣu kì í pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n obì lè pẹ́ nílẹ̀ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ, ọmọ rẹ̀ yóò sì wá wí pé igi bàbá òun ni, ilẹ̀ bàbá òun ni. Bí àlejò náà tilẹ̀ lo ogójì ọdún níbẹ̀, bí ó bá ní òun kì í san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú ni yóò mọ ohun tí ó ń wá. Ní ayé àtijọ́, kò sí ohun tí ń jẹ́ pé a ta ilẹ̀ ẹbí tàbí pé a jọ̀wọ́ rẹ̀ fún àlejò títí láé.

Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà ti wọlé nìyí: èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lè dúró fún méjèèjì. Bí mo bá ní, "Mo yọ̀ǹda ilẹ̀ yìí fún ọ," ó lè jẹ́ pé mo gbà ọ́ láàyè láti lò ó ni, ó sì lè jẹ́ pé mo ti yọ ọwọ́ mi kúrò nínú rẹ̀. Bí mo bá sì ní, "Mo fún ọ ní ilẹ̀," bákan náà ni. A máa ń sọ pé a fún àlejò ní ilẹ̀ tí a kò fún un. Àwa tí a jọ gbọ́ èdè náà mọ èyí tí a ní lọ́kàn, nítorí àṣà ni ó parí gbólóhùn náà fún wa. Ṣé ẹni tí kò mọ àṣà náà yóò mọ̀ ọ́n? Ìwọ òǹkàwé, bí ìwọ bá jẹ́ ògbufọ̀ ní ààfin Èkó ní 1861, tí wọ́n sì gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn lé ọ lọ́wọ́ pé kí o túmọ̀ rẹ̀ fún ọba, ọ̀rọ̀ wo ni ìwọ yóò lò?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Èkó ọ̀hún. Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da ìbọn bo Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akítóyè fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú. Ó kú ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Láti ìgbà náà ni kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé ní Èkó, tí agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi lè mọ̀ dájú ẹni tí ń ṣe àkóso níbẹ̀. Ní 1861, ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé kí àwọn kúkú gba Èkó. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé wọ́n fẹ́ pa òwò ẹrú run pátápátá, wọ́n fẹ́ dáàbò bo òwò tí ó bójú mu, wọ́n sì fẹ́ dí ọba Dàhómì lọ́wọ́. Epo pupa ni òwò tí ó bójú mu náà. Owó orí epo yìí gan-an ni Dòsùnmú sì fi ń jẹun.

Ẹni tí ó wà nípò kọ́ńsù ní ìgbà náà ni William McCoskry, oníṣòwò ni tẹ́lẹ̀, òun ni àwọn ará Èkó ń pè ní Apọ́ngbọ̀n nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó pupa. Adúgbò tí ó ń jẹ́ orúkọ náà wà ní Èkó títí di òní. Òun àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, pe Dòsùnmú sínú ọkọ̀ náà ní òpin oṣù Keje, wọ́n sì la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ọba ní òun fẹ́ bá àwọn ìjòyè òun sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí kò bá fi ọwọ́ sí i, ìbọn yóò sọ̀rọ̀. Kò sí ará Èkó kan tí ó ti gbàgbé 1851. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú àti àwọn ìjòyè kan fi àmì sí ìwé náà. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì gòkè, ìbọn dún fún ìyẹ́sí, àwọn ọmọ ilé-ìwé míṣọ́n sì kọ orin pé kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Ọbabìnrin sí.

Mo ti ka ìwé àdéhùn náà lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì gùn. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Níbẹ̀ ni Dòsùnmú ti fi èbúté àti erékùṣù Èkó, àti gbogbo ẹ̀tọ́, èrè, ilẹ̀ àti ohun tí ó bá rọ̀ mọ́ ọn, fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn àrólé rẹ̀ títí láé. Kò sí àní-àní níbẹ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. 'Cession' ni, ìjọ̀wọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ẹsẹ̀ kejì, a ó rí ohun mìíràn. Wọ́n ní kí Dòsùnmú máa jẹ́ ọba lọ, ní irú ìtumọ̀ tí àwọn ará Áfíríkà ń fún ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì máa parí ìjà láàárín àwọn ọmọ ìlú bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí gbólóhùn yìí kí ẹ rò ó. Ní ìtumọ̀ ti Áfíríkà, kí ni ọba? Ọba ni aláṣẹ, èkejì òrìṣà. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ ẹsẹ̀ kejì fún Dòsùnmú pé, "Wọ́n ní kábíyèsí ṣì ni ẹ óò máa jẹ́, bí a ṣe ń jẹ́ ẹ ní ilẹ̀ wa," kí ni ó kù tí ó jọ̀wọ́? Ẹsẹ̀ kan gba ohun gbogbo. Ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e dá a padà fún un ní èdè tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ kẹta tún fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń ta ilẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ń fi í fún ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé náà ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ọ̀hún. Èyí ni pé àwọn tí ó kọ ìwé náà mọ̀ pé àwọn onílẹ̀ wà ní Èkó yàtọ̀ sí ọba, wọ́n sì fẹ́ kí ọba máa bá wọn wádìí. Wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ kìíní. Ní ẹsẹ̀ kẹta wọ́n tún ń bèèrè ẹni tí ó ni ín.

Ní ti owó, wọ́n ní àwọn yóò máa san iye tí ó bá èrè tí ọba ń rí lọ́dún mu, wọ́n sì wá dá a sí 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún. Àpò kan ni a ń pè ní ọ̀kẹ́ kan, owó ẹyọ 20,000 sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀fà ọ̀kẹ́, nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò Yorùbá lè ṣe é: 24,000,000 owó ẹyọ ni. Ó dún bí ọrọ̀, àfi nígbà tí a bá rántí pé owó ẹyọ ń pàdánù iye rẹ̀ ní ìgbà náà.

Oṣù náà kò parí tí Dòsùnmú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi kọ ìwé ẹ̀hónú sí Ọbabìnrin pé tipátipá ni wọ́n fi gba ìlú àwọn. Kò sí ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Ó gbé ìgbà tí ó kù nínú ayé rẹ̀ bí ọba tí kò ní ìlú, ó sì wàjà ní 1885.

Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ ohun kan tí mo ní láti gbà pé òtítọ́ ni. Ọba Èkó kò ní ilẹ̀ Èkó. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí wọ́n jẹ́ ìran Ọlọ́fin, àwọn Arómirẹ, Olúwa, Olótò, Ojora, Oníru àti àwọn yòókù wọn, ni wọ́n ni ilẹ̀. Ààfin ọba gan-an, Ìgà Ìdúngànràn, orí oko ata Arómirẹ ni wọ́n kọ́ ọ sí, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá létí. Ọba ni ó ni àṣẹ, Ìdẹ́jọ ni ó ni erùpẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó wà lọ́wọ́ Dòsùnmú láti jọ̀wọ́ ni àṣẹ. Bí ó bá jọ̀wọ́ ilẹ̀, ohun olóhun ni ó fi tọrẹ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ibi tí ó jìnnà, nítorí mo fẹ́ kí a rí ọba mìíràn tí kò jọ̀wọ́ nǹkan kan, tí ó kàn yọ̀ǹda. Lobengula ni orúkọ rẹ̀, ọba àwọn Ndebele, Bulawayo ni olú-ìlú rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí. Akíkanjú ni, olóye sì ni. Àwọn òyìnbó tí ń wá góòlù ti há ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pinpin, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1888, ó fi òǹtẹ̀ sí ọ̀kan. Cecil Rhodes ni ó rán àwọn tí ó gbé e wá. Mẹ́ta ni wọ́n: Charles Rudd, Rochfort Maguire àti Francis Thompson. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ ni Charles Helm, míṣọ́nárì tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa.

'Concession' ni wọ́n pè é, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn mẹ́ta náà nìkan ni yóò máa wa gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ ọba. Wọn yóò máa san £100 fún un lóṣooṣù, wọn yóò fún un ní 1,000 ìbọn àti 100,000 ọta ìbọn, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ní ìbọn ńlá lórí odò Zambezi, tàbí £500 dípò rẹ̀. Kò sí ibi kan nínú ìwé náà tí Lobengula ti fi ilẹ̀ rẹ̀ tọrẹ tàbí ti jọ̀wọ́ ìjọba rẹ̀. Ìyẹn ni pé, bí a bá fi òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ méjì wa wọ̀n ọ́n, ti Lobengula sàn ju ti Dòsùnmú lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà láàárín rẹ̀: wọ́n ní agbára kíkún láti ṣe ohun gbogbo tí wọ́n bá rò pé ó yẹ kí wọ́n tó lè rí àwọn àlùmọ́ọ́nì náà wà. Kí ni ohun gbogbo? Ẹni tí yóò wa góòlù nílò ilé. Ó nílò ọ̀nà. Ó nílò ọlọ́pàá láti ṣọ́ ilé àti ọ̀nà. Ó nílò oko tí yóò bọ́ ọlọ́pàá. Ní ẹnu, àwọn aṣojú náà sọ fún ọba pé àwọn kò ní mú ju òyìnbó mẹ́wàá lọ wá láti gbẹ́ ilẹ̀, pé àwọn wọ̀nyí yóò sì pa òfin ìlú mọ́ bí ènìyàn rẹ̀. Helm fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i lẹ́yìn náà pé wọ́n sọ ọ́. Ìlérí yìí kò sí nínú ìwé rárá. Ẹnu ni ó wà, ẹnu ni ó sì gbé.

Kò pẹ́ tí Lobengula fi gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó fi ọwọ́ sí. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn pé òun dá ìwé náà dúró. Ó rán ìjòyè méjì, Babayane àti Mshete, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1889 kí wọ́n lọ fi ojú wọn rí Ọbabìnrin bóyá ó wà láàyè. Wọ́n rí i, wọ́n sì gba ìwé ìmọ̀ràn bọ̀ pé ọba a máa fún àlejò ní màlúù kan, kì í fún un ní gbogbo agbo. Ìmọ̀ràn tí àgbà Yorùbá lè fúnni ni! Lobengula tún kọ̀wé ní oṣù Kẹrin pé òun kò gba ìwé náà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ òun nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbà á lọ́wọ́ òun nínú rẹ̀. Ó pàṣẹ kí wọ́n pa Lotshe, ìjòyè tí ó gbà á nímọ̀ràn láti fi òǹtẹ̀ sí i. Nígbà tí àwọn ìbọn dé, fún ìgbà pípẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn wọ́n, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá gbà wọ́n, òun ti gba ìwé náà nìyẹn. Ó fi ara rẹ̀ wé eṣinṣin tí agẹmọ ń yọ́ lọ bá, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ní jẹ́jẹ́, títí yóò fi na ahọ́n.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1889 kan náà, Ọbabìnrin tí ó sọ̀rọ̀ màlúù kan fún kọ́ńpìnnì Rhodes ní ìwé àṣẹ ọba, lórí ìpìlẹ̀ ìwé tí Lobengula kọ̀ yìí. Ní 1890 ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ́ńpìnnì náà wọ ilẹ̀ Mashona, wọ́n sì fa àsíá sókè. Ní 1893 wọ́n gbé ogun ti Bulawayo. Lobengula sá lọ sí ìhà àríwá, ó sì kú lójú ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1894.

Èyí tí ó wá yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí ilé ẹjọ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́yìn tí àwọn ọba méjèèjì ti lọ. Ilé ẹjọ́ kan náà ni, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Keje 1918, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Lobengula. Kọ́ńpìnnì ní òun ni òun ni ín, ó gbé ìwé mìíràn jáde, èyí tí ó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Lippert, tí òun náà gbà á lọ́wọ́ Lobengula ní 1891. Lord Sumner ní ìwé náà kò fún kọ́ńpìnnì ní ilẹ̀. A lè rò pé ilẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ nígbà náà. Rárá o. Ó ní ogun ti gba ohunkóhun tí ó lè jẹ́ tiwọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín. Ó tilẹ̀ sọ pé àwọn ẹ̀yà kan rẹlẹ̀ nínú ètò ìgbé ayé tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè fi ojú òfin ohun ìní tiwa wo ohun tí wọ́n ní.

Ní oṣù Keje 1921, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ẹjọ́ Àpápá dé iwájú ìgbìmọ̀ náà. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ní Àpápá ní 1913. Ilé ẹjọ́ ti ibí ní alábòójútó ilẹ̀ lásán ni ó jẹ́, kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè san owó ilẹ̀ fún ní kíkún. Olúwa kò gbà. Òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ ní ọwọ́ Macaulay, ìjọba Èkó sì bínú sí Ẹlẹ́kọ̀ nítorí ohun tí Macaulay sọ níbẹ̀. Lord Haldane ka ìwé 1861 náà, ó ka ẹsẹ̀ kìíní tí ó gba ohun gbogbo. Ó wá ní bí ìjọba tilẹ̀ ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, a kò gbọdọ̀ rò pé ohun ìní àwọn ènìyàn bá a lọ. Ó ní ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, olóyè ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n san owó rẹ̀ bí ẹni tí ó ra ilẹ̀ pátá. Ó sì kìlọ̀ pé kí àwọn adájọ́ yé fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ilẹ̀ Áfíríkà. Owó tí Olúwa gbà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn jẹ́ £22,500.

Ẹ wá wò ó. Ọba tí ìwé rẹ̀ ní ó jọ̀wọ́ ohun gbogbo, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n gba owó ilẹ̀ wọn. Ọba tí ìwé rẹ̀ ní ó kàn yọ̀ǹda ohun abẹ́ ilẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n di àlejò lórí ilẹ̀ náà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé 'cession' burú ju 'concession' lọ, ó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Nínú ìtàn, èmi kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì ni pé kò sí ogun ní Èkó lẹ́yìn 1861, ogun sì jà ní Bulawayo ní 1893. Àti pé àwọn Ìdẹ́jọ kò jókòó, wọ́n wá agbẹjọ́rò, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì bá ìwé jà pẹ̀lú ìwé.

Ọmọ náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo dá máàkì kan padà fún un nínú méjì. Mo ṣàlàyé fún un pé nínú ìdánwò, orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ ni a ń kọ, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wa nínú. Bí ó bá ní àríyànjiyàn, kí ó kọ orúkọ náà ní títọ́ kí ó sì ko ó lójú ní gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e. Ó dúpẹ́, ó yí ìwé náà wò.

Ó ní, "Sà, máàkì kejì ńkọ́?"

Mo ní, "Cession ni ìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó bi mí bóyá òun lè fi ẹjọ́ Àpápá ṣe iṣẹ́ àṣekágbá òun, nítorí àwọn ìwé kan wà nínú àpótí bàbá bàbá òun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò tíì kà. Mo ní kí ó lọ gbé àpótí náà wá.